Okùn Kẹta

Ọ̀dà píǹkì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura.

Ọkọ mi Yẹ̀kínnì, ẹni tí kì í mọ̀ bóyá fìlà tó dé bá ẹ̀wù tó wọ̀ mu, òun náà ló gbé garawa ọ̀dà méjì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó gbé wọn kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀kan jẹ́ yẹ́lò, èkejì jẹ́ píǹkì.

Mo ní, "Bàbá Àmírát, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ni píǹkì?"

Ó ní, "Ṣé àwọn ọmọbìnrin kì í fẹ́ràn píǹkì ni?"

Àmírát nìkan ni ọmọbìnrin tí mo mọ̀ nínú ilé wa. Ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Papa, moi j'aime pas rose o! Mo ti sọ fún ẹ. Yẹ́lò ni mo fẹ́."

Kò yẹ kí ọmọ máa sọ "fún ẹ" fún bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n èdè wa lẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí sí Douala dà bíi bàtà àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni, a sì ń dúpẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ wọ̀ ọ́.

Àbúrò rẹ̀, Aminullah, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò bèèrè ju pé kí wọ́n ya mọ́tò sí ògiri fún òun. Ta wá ni píǹkì? Ọkọ mi ti mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ti wọ yàrá lọ, ó ń súfèé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. A kì í tìtorí garawa ọ̀dà pe ìpàdé ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yàrá náà ṣe jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án la fi gbé inú yàrá kan ṣoṣo nítòsí Ndokoti, níbi tí ọkọ mi ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù. Aṣọ la fi dá yàrá náà sí méjì. Àwa wà lápá kan, àwọn ọmọ wà lápá kejì, bí ẹnìkan bá sì sín, gbogbo ilé ló ń ṣàdúrà fún un. Èmi tí mo ń ta aṣọ ojú fèrèsé ní Marché Dakar, tí mo ń dá aṣọ fún ilé àwọn olówó, èmi náà ni mo ń fi àjákù ọjà mi ṣe ògiri. Nígbà tí Ọba tó ń la ọ̀nà níbi tí kò sí ọ̀nà wá ṣe é, a rí ilé gbà ní PK8, pálọ̀ kan àti yàrá méjì. Mo forí kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kí a tó gbé ẹrù kankan wọlé. Àwọn ọmọ mi máa ní yàrá! Àmírát Àbẹ̀ní, a-rẹ́rìn-ín-kí-ilé-ó-mọ́, ọmọ tí mo bẹ Ọlọ́run kí n tó rí. Aminullah Àyìndé, a-sáré-ṣíwájú-ẹsẹ̀, ọkọ mi kékeré.

Yẹ̀kínnì ní kí n fi yàrá náà sílẹ̀ fún òun. Ó ní, "Ìwọ ti ń ṣe ilé gbogbo ayé lọ́ṣọ̀ọ́. Sinmi. Tèmi nìyí." Ká má purọ́, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń pàtẹ. Inú mi dùn títí di òwúrọ̀ tí píǹkì wọlé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Fáṣínà dé. Kápẹ́ńtà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé Cameroon. "Bonjour" àti "c'est combien", ìyẹn "èló ni", ni gbogbo Faransé tó gbọ́, ó sì máa ń fi méjèèjì kí ènìyàn pa pọ̀. Ó tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń fá pákó.

Mo gbé omi tutù fún un. Mo ní, "Fáṣínà, bẹ́ẹ̀dì mélòó lò ń kàn fún wa?"

Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí mo bú. "Hà! Ìyá Àmírát! Ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn? Ṣé a máa ń ka ọmọ ni? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kápẹ́ńtà tó bá bi ọlọ́mọ pé ọmọ mélòó ló bí, pákó á máa là mọ́ ọn lọ́wọ́. Okùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tèmi."

"Okùn báwo?"

"Màá ní kí ọmọ sùn sílẹ̀ gbalaja. Màá na okùn láti àtàrí rẹ̀ dé gìgísẹ̀, màá ta kókó sí i. Tí mo bá wá fẹ́ gé pákó, màá fi ìgbọ̀nwọ́ kan lé e, kí ọmọ lè rí ibi dàgbà sí. Okùn kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Èmi ò kà, ẹlòmíràn ò kà, bẹ́ẹ̀dì á sì pé."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ mélòó ló bí, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wọ́n ń bẹ níbẹ̀, Ọlọ́run ń wò wọ́n." Ó ní ewúrẹ́ ni à ń kà tí a bá ń kó wọn wọlé lálẹ́.

Mo wá wo ara igi ibi tí Fáṣínà gbé àwọn okùn rẹ̀ kọ́ sí. Mẹ́ta ni wọ́n. Méjì jẹ́ òwú funfun. Ojú mi ló fi wọ́n wọn àwọn ọmọ lọ́jọ́ tó wá wo ibi iṣẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù ní Ndokoti.

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí? Bàbá Àmírát ló mú un jáde látinú àpò wọn. Wọ́n ní ti ẹni tí Ọlọ́run máa fi kún un ni. Mo ní, àmín, kí Ó fi ìbejì kún un! Àbí ẹ ò fẹ́?"

"Àmín," ni mo wí. Ta ni yóò gbọ́ irú àdúrà yẹn tí kò ní ṣe àmín?

Ọ̀rọ̀ náà fi mí lọ́kàn balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bá àṣà mu. Ó bá àdúrà wa mu, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń tọrọ òmíràn. Mo tilẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí píǹkì. Mo ní bóyá ọmọbìnrin ni ọkọ mi ń fi ọ̀dà tọrọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo wà ní Marché Dakar, mo ń dá aṣọ fún oníbàárà kan. Obìnrin náà ní mo dá a kúrú. Mo ní kò kúrú. A fi tépù wọ̀n ọ́n, kò kúrú. Ojú mi ni tépù mi, mo ti ń fi ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, kì í tàn mí. Ibi tí mo ti ń ká aṣọ náà ni ojú yìí kan náà ti sọ fún mi pé, "Okùn búlúù ọjọ́sí, ṣé o wò ó dáadáa?"

Mo tètè palẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo délé, Fáṣínà ti lọ ra ìṣó. Mo tú okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára igi, mo tẹ́ wọn sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Òwú gígùn ni ti Àmírát, òwú kúkúrú ni ti Aminullah. Ọ̀rá búlúù wà láàárín wọn. Kókó rẹ̀ kọjá ti Aminullah, kò sì dé ibi ti Àmírát.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ṣì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ní gìgísẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi ìgbàgbọ́ kan bẹ́ẹ̀dì fún un, á kàn án bó bá ṣe wù ú, kékeré tàbí ńlá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò ti rí kókó ta. Kí okùn tó ní kókó, ọmọ kan ti sùn sílẹ̀ níbìkan nínú ìlú yìí, ọkọ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na okùn lára rẹ̀.

Ọmọ ta ni?

Mo so okùn méjì padà sára igi. Mo fi ọ̀rá búlúù sínú ìborùn mi, mo lọ sílé kejì lọ́dọ̀ Níkẹ́. Ọmọ Òǹdó ni Níkẹ́, aránṣọ ni, ó fẹ́ràn Jésù, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òun nìkan ló ń sọ Yorùbá ní àdúgbò wa lẹ́yìn tiwa.

Mo ní, "Níkẹ́, yá mi ní Sandra."

"Ọmọ mi? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ó ti jẹun o, kò sì lè fọ abọ́."

Mo ti fa Sandra mọ́ra, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, mo na okùn náà láti àtàrí rẹ̀ wá sílẹ̀. Níkẹ́ fò dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ.

"Ṣìkẹ́! Okùn lára ọmọ mi? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Pósí ta lo fẹ́ kàn?"

"Bẹ́ẹ̀dì ni, jàre. Dín ariwo kù."

Kókó náà bọ́ sí gìgísẹ̀ Sandra gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti ta á.

"Níkẹ́, ọmọ ọdún mélòó ni Sandra?"

"Ṣèbí o jẹ kéèkì rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mẹ́fà. Kí ló dé tí ojú rẹ fi rí báyìí?"

Mo ní kí Sandra lọ ṣeré níta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Níkẹ́, ọ̀dà, okùn, àti àmín tí mo ṣe. Ó jókòó padà díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Mẹ́fà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níbo lo wà ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìwọ Ṣìkẹ́?"

Kò yẹ kó bi mí, nítorí mo ti ń bi ara mi láti ìgbà tí kókó ti kan gìgísẹ̀. Nígbà tí Àmírát ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún kan, ìyá mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Mo pọn Àmírát sẹ́yìn, mo wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, mo sì lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí ìyá mi tó lè fi ọ̀pá rìn. Ọkọ mi ló ń fi owó ránṣẹ́. Òun ló ń pè mí lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé, "Tọ́jú ìyá wa. Má kánjú. Ara mi le níbí." Ọ̀rọ̀ rere ni lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ rere ṣe ń yí àwọ̀ padà tí a bá gbé e sí oòrùn! *Má kánjú.* Kí ló dé tí mi ò gbọ́dọ̀ kánjú?

Níkẹ́ ní, "Má tíì bi í. Bí o bá bi í ní òfìfo ọwọ́, àdúrà ni yóò fi dá ọ lóhùn, ìwọ náà á sì ṣe àmín."

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé o rí i!" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo mọ̀ pé Kùránì ní ká yàgò fún ìfura púpọ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú ìfura. Mo kà á, mo tún un kà lórí ẹní ìkírun mi. Apá kan ni Ó wí. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọkọ mi dé láti Ndokoti pẹ̀lú báàgì. Ó yọ labalábá pépà méjìlá jáde, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ igun yàrá tó kùn ní píǹkì. Àmírát ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà ló yọ iná kékeré kan tó dà bí òṣùpá, ó kì í bọ iná, ó ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyẹn ńkọ́, Bàbá Àmírát?"

"Fún alẹ́ ni. Àwọn ọmọ kan máa ń bẹ̀rù òkùnkùn."

"Ọmọ wo?"

Àwọn ọmọ tí mo bí dàgbà sínú yàrá tí wọ́n ti ń mú iná lọ lójoojúmọ́. Nínú òkùnkùn biribiri, Aminullah máa ń wá bàtà rẹ̀ rí, á sì wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ tó yẹ. Yẹ̀kínnì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wò mí, ó tún wo iná náà.

"Mo ní àwọn ọmọ kan. Gbogbo ọmọ náà kọ́."

Kò pẹ́ tó fi jáde. Nígbà tó padà, ó gbé plum, èso tí wọ́n ń sun jẹ ní Douala, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. "Àṣàbí! Àṣàbí ọmọ a-táṣọ-bo-ilé, kí ilé ó tó mọ̀ pé ìhòòhò lòun wà! Àṣàbí a-wọ̀lú-má-ṣẹ̀ǹìyàn! Wá jẹun, Àṣàbí mi."

Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá pe Àṣàbí báyìí, ara mi á yọ́ bí òrí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ń ki ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ebi kò pa á, ẹ bi í ohun tó fọ́. Mo jẹ plum náà. Mo dúpẹ́. Mo kà á mọ́ ohun tí mo rí.

Ọjọ́ Ẹtì ni Fáṣínà to àwọn bẹ́ẹ̀dì sí yàrá. Ti Àmírát wà lábẹ́ fèrèsé, ti Aminullah tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta wà ní ìkángun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nínú píǹkì, lábẹ́ àwọn labalábá.

Mo ní, "Ta ló ní kí o gbé èyí sí ìkángun?"

"Bàbá Àmírát ni. Wọ́n ní ẹni tó bá kẹ́yìn dé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni tirẹ̀." Ó họ orí. "Ìyá Àmírát, ẹ má bínú o. Ọjọ́ wo lẹ máa bí ẹni yìí tí yóò fi dàgbà dé ibẹ̀? Mo ti ń rò ó látàná. Mo tún okùn náà wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì kó tó di àwátì."

"Máa lọ sílé, Fáṣínà. O ṣeun."

Mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Níkẹ́. Nígbà tí Yẹ̀kínnì ti mọ́sálásí dé lẹ́yìn Jímọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó bá mi nínú yàrá náà. Mo ti na okùn kọ̀ọ̀kan sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Ó ní, "Máṣàállàhù! Yàrá yìí dára."

"Ó dára. Bàbá Àmírát, ta ló máa sùn síbí?"

Kò tilẹ̀ mí. "Ta ni ká ní ó máa sùn síbẹ̀? Ẹni tí Ọlọ́run bá fi kún un ni. Àbí o fẹ́ kí n jókòó síwájú kápẹ́ńtà, kí n máa ka ọmọ fún un bí ẹní ń ka táyà? Mo fi ọ̀kan lé e. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tiẹ̀ náà ń ṣe."

Ẹ wò ó, ẹnu rẹ̀ dùn. Àṣà tí ìyá mi fi tọ́ mi ló gbé dání bí asà. Ká ní mi ò wọn Sandra ni, mo fi Ọlọ́run bura, mi ò bá tún ṣe àmín.

Mo ní, "Bàbá Àmírát, ọmọ tí Ọlọ́run máa fi kún ọmọ, ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Kì í gba àárín."

"Kí lò ń sọ?"

"Ẹ wo okùn. Èyí ju Aminullah lọ, kò tó Àmírát. Ẹ ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ìkángun, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ni ín. Ó fẹ́ràn píǹkì. Ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì mọ̀."

Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo èmi, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta yẹn gan-an. Pákó tuntun náà dún.

"Nùsíràt," ló wí. "Nùsíràt ni orúkọ rẹ̀."

Mo rò pé bí mo bá gbọ́ ọ, màá ké. Mi ò ké. Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò ará ilé kejì. Monique ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ń sun ẹja ní Ndokoti nígbà tí mo wà ní Ìsẹ́yìn. Ó ní òun kò gbé e níyàwó. Òun kò kọ ọmọ náà, òun ń tọ́jú rẹ̀. Monique wá rí ọkọ ní Yaoundé, ọkọ náà ò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọ̀túnla, ni òun yóò mú ọmọ náà wá.

"Lọ́jọ́ Àìkú," ni mo wí. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ó ń fi ìka tọ ojú pákó bẹ́ẹ̀dì náà.

"Bàbá Àmírát, ọjọ́ wo?"

"Mo rò pé... tí o bá rí i pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àánú rẹ̀ á ṣe ọ́. Mo mọ ọkàn rẹ."

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ó fẹ́ fi ojú ọmọ kékeré dí mi lẹ́nu. Ó fẹ́ kí n la ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, kí n bá ọmọ ọdún mẹ́fà níbẹ̀, kí ẹkún ọmọ náà má jẹ́ kí n rí ibi bèèrè ohunkóhun láéláé.

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ìmáàmù wa ni."

"Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

Ó tẹ orí ba. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnìkan tàbí ẹni méjì. Àwọn tó ń kí mi ní "Ìyá Àmírát, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?" ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ti jẹ ẹran ìsọmọlórúkọ nílé Monique, wọ́n sì nu ẹnu.

Nígbà náà ni ahọ́n mi já. Láti ọjọ́ tí a ti so wá pọ̀, mi ò pe ọkùnrin yìí ní "ìwọ" rí. Mo ní, "Ìwọ Yẹ̀kínnì, ọdún mẹ́fà! Mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ, o ń ṣe bisimílà sí i!"

Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó ga bí òpó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní kí n má kó lọ. Ó ní kí n má sọ fún ìyá mi. Mo yọ ẹsẹ̀ mi, mo lọ ṣe àlùwàlá, mo kí ìrun ráká méjì ní pálọ̀. Mo pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Mò ń retí kí Ọlọ́run sọ ohun kan sí mi lọ́kàn. Òwe ìyá mi ló ń dún sí mi létí: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní, "Ọlọ́run, kì í ṣe ọmọ mi." Mo tún ní, "Ọlọ́run, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí." Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ òtítọ́, wọn kò sì gbà láti parí ìjà.

Nígbà tí mo dìde, mo padà sí yàrá. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Dìde. Di orí bẹ́ẹ̀dì yìí mú."

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Di orí rẹ̀ mú."

A gbé bẹ́ẹ̀dì Aminullah lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. A gbé ti okùn búlúù wá sáàárín. Ó wúwo. Píǹkì ṣẹ́ kù sí ìkángun lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì Aminullah, ògiri yẹ́lò ló wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì náà báyìí.

Mo ní, "Ibi tí ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí nìyí. Bí ó bá máa sùn nínú ilé tí mo wà, kò ní sùn níbi irọ́. Ìwọ lo sì máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Lónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò ní bá ọ sọ ọ̀kankan níbẹ̀."

"Àwa ńkọ́, Ṣìkẹ́? Èmi àti ìwọ?"

"Tiwa kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ kó àwọn ọmọ wálé. Níkẹ́ wo ojú mi lẹ́nu ọ̀nà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò bèèrè ohunkóhun.

Aminullah fò sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó ń dún bíi mọ́tò. Àmírát ò fò. Ó dúró, ó ń wo bí a ṣe pààrọ̀ àyè. Bàbá wọn jókòó sílẹ̀, ó fi Faransé díẹ̀ àti Yorùbá díẹ̀ sọ fún wọn pé ọmọ òun kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, pé Nùsíràt ló ń jẹ́, pé àárín wọn ni yóò máa sùn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Aminullah ní, "Ó ní mọ́tò?"

Àmírát ní, "Papa, elle a quel âge?"

"Ọdún mẹ́fà."

Ọmọ mi na ìka sílẹ̀, ó ń ṣírò. Ó ṣírò ó títí. Ó yíjú sí mi, ó tún yí i padà sí bàbá rẹ̀.

"Quand elle est née, nígbà tí wọ́n bí i, moi mo ti wà. Mámà ńkọ́? Mámà wà níbẹ̀?"

Yẹ̀kínnì gbé ojú sókè wò mí. Ó ń bẹ̀ mí kí n bá òun gbé e.

Mo ní, "Bàbá rẹ lo bi, Àbẹ̀ní."

Mo fara ti ògiri, mo ká apá mọ́ àyà, àwa méjèèjì jọ ń retí ohun tí yóò sọ.